Owó Iṣẹ́ Ìdènà Omi: Bí A Ṣe Lè San Án Díẹ̀díẹ̀



Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé létí odò Ouémé mọ ohun tí omi lè ṣe. Ní oṣù kẹjọ, òjò lè dáwọ́ dúró ní Àjàṣẹ́, kí ilẹ̀ gbẹ, kí oòrùn sì máa ràn. Síbẹ̀, omi odò á máa ga sí i lójoojúmọ́. Òjò tó rọ̀ lókè lọ́hùn-ún, ní apá àríwá Bẹ̀nẹ̀, ló ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀. Ẹ̀yin ará Kétu àti Ṣábẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí yín. Àgbàrá ni tiyín. Òjò ńlá kan ṣoṣo lè gé ọ̀nà oko, kí ó wó ògiri ilé, kí ó sì kó ẹ̀gbin sínú kànga.

Ní ọdún 2010, omi kún ní kọ̀múùnù 55 nínú 77 tó wà ní Bẹ̀nẹ̀. Ó kan ènìyàn bí 680.000. Ènìyàn 46 kú.

Bí omi bá ti lọ tán, ènìyàn máa ń péjọ. Ẹnì kan á ní: «Ẹ jẹ́ kí á gbẹ́ kòtò tí omi á máa gbà.» Ẹlòmíràn á ní: «Ẹ jẹ́ kí á kó erùpẹ̀ dí etí odò.» Gbogbo ènìyàn á ní òótọ́ ni. Lẹ́yìn náà, ẹnì kan á béèrè pé: «Owó dà?» Ibẹ̀ ni ìpàdé ti máa ń tú ká.

Ọ̀rọ̀ owó yẹn ni a fẹ́ sọ níhìn-ín. Owó tí ènìyàn kò lè san lẹ́ẹ̀kan, ó lè san án díẹ̀díẹ̀. Ẹ ti mọ èyí nínú èsúsú. Ṣùgbọ́n sísan díẹ̀díẹ̀ ní ètò tirẹ̀. Bí a kò bá ṣe ètò náà kí ọkọ́ àkọ́kọ́ tó kan ilẹ̀, ó lè dá ìjà sílẹ̀ láàárín ìlú, ó sì lè di gbèsè tí kì í tán.

Ta ni yóò san án? Èló ni yóò san?

Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí a pín owó náà dọ́gba-dọ́gba. Ó rọrùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò tọ́. Ẹnì kan wà tí oko rẹ̀ wà létí omi, tí àgbàdo rẹ̀ ń rà lọ́dọọdún. Ẹnì kan sì wà tí oko rẹ̀ wà lórí òkè, tí omi kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rí. Ṣé iye kan náà ni àwọn méjèèjì yóò san? Ẹni orí òkè lè san lẹ́ẹ̀kan nítorí ojú. Kò ní san lẹ́ẹ̀kejì. A kò sì lè bá a wí.

Àwọn àgbẹ̀ kan wà ní Amẹ́ríkà, ní ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Iowa, tí wọ́n ti ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí pẹ́. Àgbàdo ni wọ́n ń gbìn, bíi tiwa. Ilẹ̀ wọn tẹ́ pẹrẹsẹ, omi kì í tètè rí ọ̀nà lọ. Láyé àtijọ́, irà ni ọ̀pọ̀ ibẹ̀. Àgbẹ̀ kan kò lè dá lé omi náà lọ, nítorí omi tó kúrò lóko ẹnì kan, oko ẹnì kejì ló ń lọ. Nítorí náà, wọ́n máa ń pààlà yí gbogbo ilẹ̀ tí omi rẹ̀ ń gba ojú kan náà jáde ká. Wọ́n á sọ ọ́ di àgbègbè omi kan. Ní ọdún 1908, wọ́n fi í sínú òfin ńlá ìpínlẹ̀ wọn pé irú àgbègbè bẹ́ẹ̀ lè ṣe kòtò àti òkìtì tó ń dí omi, kí wọ́n sì pín owó iṣẹ́ náà lé orí ilẹ̀ tí iṣẹ́ náà ṣe lóore.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń pín in. Wọ́n á yan ènìyàn 3. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó kọ́ṣẹ́ nípa irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn 2 yòókù jẹ́ onílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò gbọ́dọ̀ ní ilẹ̀ nínú àgbègbè náà, wọn kò sì gbọ́dọ̀ bá ẹnikẹ́ni tó ní ilẹ̀ níbẹ̀ tan. Ẹ̀yin náà mọ ìdí rẹ̀. Àwọn 3 yìí á yẹ ilẹ̀ náà wò. Ilẹ̀ tí iṣẹ́ náà yóò ṣe lóore jù lọ, wọ́n á fún un ní àmì 100. Ilẹ̀ tí oore tirẹ̀ jẹ́ ìdajì ìyẹn á gba àmì 50. Èyí tí oore rẹ̀ kéré lè gba 10 tàbí 5. Lẹ́yìn náà, wọ́n á pe ìpàdé, kí ẹni tí àmì tirẹ̀ kò tẹ́ lọ́rùn wá sọ tẹnu rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá gbọ́ ẹjọ́ tán ni wọ́n á tó pín owó.

A lè ṣe irú ìpín yìí ní abúlé wa. Ẹ mú ìwé àti bíírò, kí a jọ ṣe ìṣirò kan.

Ká sọ pé abúlé kan fẹ́ gbẹ́ kòtò omi, kí wọ́n sì ri ọ̀pá símẹ́ǹtì ńlá mẹ́ta mọ́ abẹ́ ọ̀nà, kí omi lè gba inú wọn kọjá. Wọ́n ti yọ ohun tí kọ̀múùnù yóò fi ràn wọ́n lọ́wọ́ kúrò. Ó ku 930.000 fráńkì tí àwọn ará abúlé yóò san. Oko 50 ló wà níbẹ̀, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi bákan náà.

Oko 20 wà létí omi. Àmì 100 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà. 20 lọ́nà 100 jẹ́ 2.000.

Oko 20 wà láàárín. Ọdún tí omi bá kún jù nìkan ni omi ń dé ibẹ̀. Àmì 50 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà. 20 lọ́nà 50 jẹ́ 1.000.

Oko 10 wà lókè. Omi kì í dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ni ín ń gba ọ̀nà náà kó ẹrù lọ sọ́jà. Àmì 10 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà. 10 lọ́nà 10 jẹ́ 100.

Ẹ ro gbogbo àmì pọ̀: 2.000 àti 1.000 àti 100 jẹ́ 3.100. Ẹ wá fi 3.100 pín 930.000. Ó jẹ́ 300 fráńkì fún àmì kan.

Nítorí náà, ẹni etí omi yóò san 30.000. Ẹni àárín yóò san 15.000. Ẹni òkè yóò san 3.000. Bó bá jẹ́ pé a pín in dọ́gba ni, gbogbo wọn ni ìbá san 18.600. Ẹ wò ó bóyá ẹni òkè ìbá gbà.

Bí oko kò bá tóbi bákan náà, ẹ ka àmì náà fún hẹ́kítà kọ̀ọ̀kan. Oko hẹ́kítà 2 á gba àmì lọ́nà méjì. Ẹ má gbàgbé ilé pẹ̀lú. Ilé tí omi ń wọ̀ gbọ́dọ̀ gba àmì tirẹ̀, kódà bí ẹni tó ni ín kò bá ní oko.

Ìgbà wo ni a ó san án?

Ní Iowa, òfin fi ọ̀nà méjì sílẹ̀ fún ẹni tí ìpín rẹ̀ pọ̀ tí kò lè san án lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀nà kan ni pé kí ó san án ní ìdá mẹ́ta: ìdá kan nígbà tó bá fọwọ́ sí ìwé, ìdá kan nígbà tí iṣẹ́ bá dé ìdajì, ìdá tó kẹ́yìn nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Ọ̀nà kejì ni pé kí ó pín in sí ìgbà 10, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ títí dé 20, kí ó sì máa san èlé lé e. Ẹni tó bá fẹ́ san díẹ̀díẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé. Nínú ìwé náà, ó gbà pé òun kò ní bá iye owó náà jà mọ́. Ẹ kíyè sí èyí. Bí àmì tí wọ́n fún yín kò bá tọ́, kí ẹ tó tẹ̀ka ni kí ẹ sọ ọ́.

Ọ̀nà ìdá mẹ́ta yẹn dára púpọ̀ ní ojú tiwa. Ó ń jẹ́ kí owó àti iṣẹ́ máa rìn pọ̀. Bí iṣẹ́ bá dúró, owó náà á dúró.

Ní ti ọjọ́ tí a ó máa san án, ẹ má wo kàlẹ́ńdà ọ́fíìsì. Oko ni kí ẹ wò. Ní Kétu àti agbègbè rẹ̀, a máa ń ká àgbàdo àkọ́kọ́ ní nǹkan bí oṣù keje sí oṣù kẹjọ, a sì ń ká èkejì ní nǹkan bí oṣù kejìlá sí oṣù kìíní. Ní Ṣábẹ̀, owó kajú máa ń wọlé láti oṣù kejì. Létí odò, omi gbọ́dọ̀ fà kí ènìyàn tó lè gbin nǹkan, nítorí náà owó tiwọn máa ń pẹ́ kí ó tó dé. Ẹni tí ẹ bá bi lówó ní oṣù karùn-ún, nígbà tí oúnjẹ inú àká ti ń tán, irọ́ ló máa pa fún yín. Kì í ṣe pé ó burú. Kò sí owó lọ́wọ́ rẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí á padà sọ́dọ̀ ẹni tí ìpín rẹ̀ jẹ́ 30.000. Bí ó bá san án ní ọdún 5, 6.000 ni lọ́dún kan. Bí ó bá pín 6.000 yìí sí ìkórè méjì, 3.000 ni lẹ́ẹ̀kan. Bí òjò kò bá ba oko rẹ̀ jẹ́, ó lè san 3.000.

Ta ni yóò san owó símẹ́ǹtì lónìí?

Ìbéèrè yìí le. Bí àwa bá ń san owó fún ọdún 5, ẹni tó ń ta símẹ́ǹtì kò ní dúró dè wá. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà.

Èkínní ni kí a kó owó jọ ná kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kò sí èlé níbẹ̀. Ṣùgbọ́n omi kò ní dúró dè wá, owó tó bá sì jókòó pẹ́ máa ń ní ọ̀rẹ́ púpọ̀. Bí ẹ bá yan ọ̀nà yìí, ẹ má ṣe fi owó náà sínú yàrá akápò. Ẹ kó o lọ sí ilé ìfowópamọ́, bíi CLCAM, ní orúkọ ẹgbẹ́. Kí ó jẹ́ pé ènìyàn mẹ́ta gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí owó tó jáde.

Èkejì ni kí a pín iṣẹ́ náà sí wẹ́wẹ́, kí a máa ṣe èyí tí owó ọdún kọ̀ọ̀kan bá ká. Èyí dára, ṣùgbọ́n ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, níbi tí omi ń jáde sí. Bí ẹ bá kọ́kọ́ gbẹ́ apá òkè, ẹ ó kàn máa yára da omi lé àwọn ará ìsàlẹ̀ lórí ni.

Ẹ̀kẹta ni kí a yá owó, kí iṣẹ́ parí kíá, kí a sì máa san gbèsè náà díẹ̀díẹ̀. Èlé wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í ṣe ìṣirò rẹ̀ kí wọ́n tó tẹ̀ka.

Ká sọ pé ìpín yín jẹ́ 30.000, ẹ yá a fún ọdún 5, èlé sì jẹ́ 10 lórí 100 lọ́dún kan. Bí wọ́n bá ń ka èlé lórí gbèsè tó kù nìkan, ẹ ó san 3.000 èlé ní ọdún kìíní, 2.400 ní ọdún kejì, 1.800 ní ọdún kẹta, 1.200 ní ọdún kẹrin, 600 ní ọdún karùn-ún. Gbogbo èlé náà jẹ́ 9.000. Ìyẹn ni pé 39.000 ni ẹ ó san lápapọ̀.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń ka èlé lórí 30.000 lọ́dọọdún, bí ẹni pé ẹ kò tíì san nǹkan kan, 3.000 lọ́nà 5 ni. Ó di 15.000. Ẹ ó san 45.000.

Àwọn méjèèjì ni wọ́n ń pè ní «10 lórí 100». Ẹ rí i pé 6.000 fráńkì ni ìyàtọ̀ wọn. Nítorí náà, ẹ má béèrè nípa èlé nìkan. Ẹ béèrè pé: «Èló ni n ó ti san lápapọ̀, lọ́jọ́ tí n óò san owó tó kẹ́yìn?» Ẹ ní kí wọ́n kọ iye náà sílẹ̀.

Ẹni tó bá ní owó lọ́wọ́ lè san gbogbo ìpín tirẹ̀ kí ẹgbẹ́ tó lọ yá owó. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ san èlé, nítorí kò yá nǹkan kan. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe: wọ́n á fún onílẹ̀ ní àkókò díẹ̀ láti san gbogbo rẹ̀ láìsí èlé, kí wọ́n tó yá ìyókù.

Ẹni tí kò ní owó lè fi iṣẹ́ san án. Bí ẹ bá gbà pé ọjọ́ iṣẹ́ kan jẹ́ 1.500 fráńkì, ìpín 30.000 jẹ́ ọjọ́ 20 nídìí kòtò. Ṣùgbọ́n ẹ fẹnu kò lórí iye náà ṣáájú. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an, kì í ṣe ní ìparí oṣù. Àwọn obìnrin tó ń se oúnjẹ fún àwọn tó ń gbẹ́ kòtò, iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe. Ẹ ka ọjọ́ tiwọn náà. A ti rí ibi tí wọ́n ti kọ orúkọ gbogbo ọkùnrin sílẹ̀, tí wọn kò kọ orúkọ obìnrin kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ sì rèé, gbogbo wọn ló jẹun.

Bí ẹnì kan kò bá lè san ńkọ́?

Ní ilẹ̀ Họ́lándì, ní Yúróòpù, ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ló rẹlẹ̀ ju omi òkun lọ. Ó ti lé ní ọdún 700 tí wọ́n ti ní ìgbìmọ̀ omi tó ń bójú tó òkìtì erùpẹ̀ tí wọ́n fi dí omi. Láyé àtijọ́, àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní apá tirẹ̀ lára òkìtì náà tí ó gbọ́dọ̀ máa tún ṣe. Bí agbára rẹ̀ kò bá ká a mọ́, ó máa fi ṣọ́bìrì rẹ̀ gún òkìtì náà, á fi í síbẹ̀, á sì kúrò. Ẹni tó bá fa ṣọ́bìrì náà yọ ló ni ilẹ̀ rẹ̀, òun náà ni yóò sì máa tún òkìtì náà ṣe. Òfin náà le. Ohun tó fà á ni pé bí òkìtì bá ya níbì kan, gbogbo wọn ni omi yóò gbé lọ.

Ní Iowa lónìí, owó náà wà lórí ilẹ̀, kì í ṣe lórí ènìyàn. Bí onílẹ̀ kò bá san án, ó dà bí owó-orí tí kò san. Ìjọba lè ta ilẹ̀ náà nítorí gbèsè yẹn. Bí ẹnì kan bá sì ra ilẹ̀ tí owó kù lórí rẹ̀, ẹni tó rà á lè bá ara rẹ̀ nínú gbèsè tí kò mọ̀ nípa rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn ará ibẹ̀ fi máa ń wádìí nínú ìwé ìjọba kí wọ́n tó ra ilẹ̀.

Ìgbìmọ̀ abúlé tiwa kò ní irú àṣẹ yẹn, kò sì yẹ kí ó máa ṣe bí ẹni tó ní in. Òfin ńlá Bẹ̀nẹ̀ ti ọdún 1990 sọ pé a kò lè gba ohun ìní ẹnikẹ́ni àfi fún àǹfààní gbogbo ìlú, a sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ san owó tó tọ́ fún un. Òfin yìí ń dáàbò bo ẹni tó jẹ gbèsè. Ó tún ń dáàbò bo ẹni tí kòtò fẹ́ gba àárín oko rẹ̀ kọjá. Ẹ lọ bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ẹ tó gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀. Ẹ lè fi owó ilẹ̀ tó pàdánù yọ nínú ìpín tirẹ̀.

Nítorí náà, ìlérí àti ìwé ni agbára tiwa. Ẹ fẹnu kò ṣáájú lórí ohun tí ẹ ó ṣe bí àìsàn bá dé, tàbí bí oko bá gbẹ. Ẹni tó bá wá sọ fún ìgbìmọ̀ kí ọjọ́ tó pé, kí wọ́n sún owó rẹ̀ sí ìkórè tó ń bọ̀, láìsí ìtanràn. Ẹni tó ní owó, tó kàn kọ̀, ẹ gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ síwájú baálẹ̀ àti àwọn àgbà. Ẹ má dá a dúró títí di ọdún kẹta.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a kì í sábà sọ. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń dáko lórí ilẹ̀ tí kì í ṣe tiwọn. Ilẹ̀ ọkọ ni, tàbí ilẹ̀ tí wọ́n yá. Bí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ bá san owó kòtò fún ọdún 3, tí wọ́n sì gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún kẹrin nítorí pé ilẹ̀ náà ti dára, ta ló jèrè? Ní Iowa, ẹni tó ni ilẹ̀ ni owó náà wà lọ́rùn rẹ̀. Àwa náà gbà pé bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí ó rí. Bí ẹni tó yá ilẹ̀ bá sì san án, kí wọ́n yọ ọ́ nínú owó ilẹ̀ tí ó ń san, tàbí kí onílẹ̀ fọwọ́ sí ìwé pé òun kò ní gba ilẹ̀ náà kí iye ọdún kan tó pé. Orúkọ ẹni tó mú owó wá ni kí ẹ kọ sínú ìwé, kì í ṣe orúkọ ọkọ rẹ̀.

Ìwé wo ni a ó máa kọ?

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀ ọ́n kọ, tí ẹ sì ti mọ̀ ọ́n kà, iṣẹ́ yín dé. Ẹ ra ìwé ńlá kan. Ẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé kan. Lókè, ẹ kọ orúkọ rẹ̀, àmì rẹ̀, àti gbogbo ìpín rẹ̀. Nísàlẹ̀, ẹ kọ ọjọ́, owó tó san, owó tó kù, àti ìfọwọ́sí tàbí ìtẹ̀ka. Ó máa rí báyìí:

Ìpín: 30.000.
Ọjọ́ 15 oṣù kìíní: ó san 3.000. Ó ku 27.000.
Ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ: ó san 3.000. Ó ku 24.000.

Ẹni tó san owó gbọ́dọ̀ gba ìwé ẹ̀rí lọ sílé lọ́jọ́ náà. Ẹ má gbà pé «a ó kọ ọ́ lọ́la». Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, kí akọ̀wé ka gbogbo ìwé náà sókè ní ìpàdé: owó tó wọlé, owó tó jáde, àti ohun tí wọ́n fi rà. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ìwé ẹ̀rí tirẹ̀ wá láti fi wé e.

Ẹ má da owó yìí pọ̀ mọ́ owó-orí ilẹ̀ tí ìjọba ń gbà. Ìyẹn wà lọ́tọ̀. Ẹni tó san ìpín kòtò kò tíì san owó-orí rẹ̀. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ lọ bá mẹ́rì àti àwọn òṣìṣẹ́ kọ̀múùnù. Wọ́n lè ràn yín lọ́wọ́, wọ́n sì lè ní ètò tiwọn fún odò náà.

Níbo ni omi náà ń lọ?

Omi tí ẹ bá lé kúrò lóko yín kò kú. Ibì kan ló lọ. Àwọn ará Iowa kọ́ èyí. Kòtò wọn ń kó omi oko lọ sínú odò, pẹ̀lú ohun kan tó ń wá láti inú ajílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní nitrate. Bí ó bá pọ̀ nínú omi mímu, ó lè ṣe ọmọ ọwọ́ léṣe. Ní ọdún 2015, ilé iṣẹ́ omi ìlú Des Moines, tó ń bu omi lódò náà fún ará ìlú, pe àwọn àgbègbè omi kan lẹ́jọ́. Ní ọdún 2017, ilé ẹjọ́ da ẹjọ́ náà nù. Ṣùgbọ́n nitrate náà ṣì wà nínú omi. Kí ẹ tó gbẹ́ kòtò, ẹ lọ bá abúlé ìsàlẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí ẹ̀yin àti àwọn jọ ṣe é.

Kì í sì í ṣe gbogbo omi ló yẹ kí a lé. Omi odò Ouémé ń kó ẹrọ̀fọ̀ tó lọ́ràá wá sí oko, ó sì ń kó ẹja wá sínú ihò ẹja. Ẹni tó bá dí i pátápátá yóò ra ajílẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ilé, kànga, ilé ìgbẹ́, àká àti ọ̀nà ni kí ẹ kọ́kọ́ dáàbò bò. Kí ẹ sì rí i pé kòtò náà dagun dáadáa, kí omi má bàa dúró sójú kan. Omi tó dúró ni ẹ̀fọn ń yé ẹyin sí, ẹ̀fọn sì ń fa ibà.

Kòtò tí a kò tún ṣe kì í pẹ́ dí. Nítorí náà, bí ẹ bá san ìpín tán ní ọdún karùn-ún, owó kékeré kan ṣì kù tí ẹ ó máa san lọ́dọọdún fún ìtúnṣe. Àmì kan náà ni kí ẹ fi pín in. Nínú ìṣirò wa, bí ìtúnṣe bá jẹ́ 31.000 lọ́dún kan, 10 fráńkì ni fún àmì kọ̀ọ̀kan: 1.000 fún ẹni etí omi, 500 fún ẹni àárín, 100 fún ẹni òkè. Ẹ gbà á ní oṣù kìíní. Kí ẹ sì kó koríko àti iyanrìn kúrò nínú kòtò ní oṣù kejì, kí òjò àkọ́kọ́ tó bá a ní dídí.